Gáàsì Fíríìjì Kì í Tán, Jíjò Ló Ń Jò: Ìtọ́sọ́nà fún Oníṣẹ́ àti fún Ẹni Tó Ni Fíríìjì

Ní Àkúrẹ́, bí fíríìsà ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ọjà Ọba kò bá mú ẹja dì mọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu oníṣẹ́ tí wọ́n bá pè ni pé, "Màmá, gáàsì yín ti tán." Oníṣẹ́ á so rọ́bà mọ́ sìlíńdà, á rọ gáàsì tuntun sí i, á gba owó rẹ̀, á sì máa lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún lọ pè é wá. Mo bá ìyá kan pàdé nínú ọjà náà tó ti ra gáàsì nígbà mẹ́rin láàárín ọdún kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé fún un pé gáàsì fíríìjì kò dà bí epo bẹtiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ ń jó tán. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ni gáàsì ti ń yí po. Bí páìpù náà kò bá lu, gáàsì tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ni yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá gbé e sọnù. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé gáàsì tán, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti jò lọ sínú afẹ́fẹ́, owó màmá sì ti bá a lọ.

Oníṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, pàápàá jù lọ ọmọ iṣẹ́ tó ń múra àtigba fírídọ́ọ̀mù. Ẹni tó ni ẹ̀rọ pẹ̀lú lè kà á, kó lè mọ ohun tó yẹ kó béèrè kó tó sanwó. Nígbà tí èmi fúnra mi ń kọ́ṣẹ́, àìmọye ìgbà ni mo gé páìpù tí mo sì jẹ́ kí gáàsì tú jáde sí etí títì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe é. Kò sí ẹni tó sọ fún wa ohun tí a ń tú sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ irin iṣẹ́.

Ohun tó wà nínú páìpù

Iṣẹ́ gáàsì ni láti ru ooru inú fíríìjì wá síta. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á gbóná, á wọ inú páìpù ẹ̀yìn níbi tí ooru rẹ̀ ti ń jáde, á sì di olómi. Lẹ́yìn èyí ni yóò gba inú páìpù tín-ín-rín kan kọjá. Ibẹ̀ ni ìfúnpá ti máa dínkù lójijì, tí olómi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí yóò sì fa ooru ara ẹja àti omi mọ́ra bó ti ń hó. Omi ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n -26°C ni R-134a ti ń hó, R-22 sì ń hó ní nǹkan bíi -41°C. Orúkọ irú gáàsì fíríìjì ni àwọn wọ̀nyí àti gbogbo R oní-nọ́ńbà tí ẹ máa rí nísàlẹ̀.

R-12 ni àwọn àgbà oníṣẹ́ wa bá lẹ́nu iṣẹ́. Ó wà lára àwọn gáàsì tí à ń pè ní CFC, tí Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1928. Kì í gbiná, kì í sì í ṣe májèlé, gbogbo ayé sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Ní 1974 ni Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé bí gáàsì yìí bá gòkè dé ibi tí ìpele ósóònù wà, ìtànṣán oòrùn á tú u palẹ̀, kílóríìnì inú rẹ̀ á sì máa ba ósóònù jẹ́. Ẹyọ kílóríìnì kan lè ba ẹyọ ósóònù tó 100,000 jẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Ósóònù yìí ló ń gba púpọ̀ nínú ìtànṣán tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara, tó lè jẹ́ kí awọ funfun bo ẹyinjú, tó sì ń pa irúgbìn lára. Nígbà tó fi máa di 1985, àwọn onímọ̀ ti rí i pé ìpele náà ti fẹ́lẹ́ gan-an lókè Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní gúúsù ayé. Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987 ni àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ àdéhùn Montreal láti dín àwọn gáàsì tó ń ba ósóònù jẹ́ kù. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1988, a sì ti fòpin sí kíkó CFC wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2010.

R-22, tó kún inú àwọn ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́ ní àdúgbò Alágbàká àti Ìjàpọ̀, ní kílóríìnì nínú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìjàǹbá tó ń ṣe fún ósóònù kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti R-12 lọ. R-134a, R-404A àti R-410A kò ní kílóríìnì rárá, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sì ti tìtorí èyí gbà pé wọn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Gbogbo wọn ló ń mú ayé gbóná. Bí a bá fi afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ṣe òṣùwọ̀n, tí a pe kílò kan rẹ̀ ní 1, kílò kan R-134a jẹ́ 1,430 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, R-22 jẹ́ 1,810, R-410A jẹ́ 2,088, R-404A sì jẹ́ 3,922. R-32 jẹ́ 675. R-600a àti R-290 kò ju nǹkan bíi 3 lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi epo wò ó. Lítà bẹtiróòlù kan tí a bá jó máa ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó tó kílò 2.3 jáde. Kílò kan R-22, èyí tí kò ju ohun tó ń wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù iyàrá kan lọ, bá bẹtiróòlù tó ju lítà 750 dọ́gba. Ìyẹn lé ní ọgbọ̀n kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, tí oníṣẹ́ kan tú sí afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ tètè parí iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ rí i dájú pé gáàsì ni

Kí ẹ tó fọwọ́ kan páìpù, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ní àkókò ọyẹ́, eruku àti èéfín máa ń bo páìpù ẹ̀yìn tàbí kọ́ńdẹ́ńsà títí ooru kò fi ní rí ọ̀nà jáde mọ́, fíríìsà náà á sì máa ṣe bí ẹni pé gáàsì rẹ̀ ti dínkù. Búrọ́ọ̀ṣì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń yanjú èyí. Ẹ wò ó bóyá fáànù ń yí dáadáa, ẹ sì fi mítà wo bí agbára iná tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, nítorí iná tí kò tó kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè ṣiṣẹ́. Ẹ fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ pa ilẹ̀kùn náà dé, kí ẹ sì fà á: bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ilẹ̀kùn ni ẹ máa pààrọ̀, kì í ṣe gáàsì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì

Lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tàbí lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ máa rí orúkọ gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀, bí àpẹẹrẹ R134a 150 g, tàbí R600a 50 g. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa sọ irú òróró tó wà nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀: òróró máínírà ni ti R-12 àti R-22, òróró àtọwọ́dá tí à ń pè ní POE ni ti R-134a, R-404A àti R-410A, àwọn méjèèjì kò sì ṣeé fi rọ́pò ara wọn. Bí ẹ bá rí àmì iná nínú onígun mẹ́ta, tàbí tí wọ́n kọ R600a, R290 tàbí R32 síbẹ̀, gáàsì tó ń gbiná ni. Ẹ dúró ná, kí ẹ ka ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹ tó ṣáná sí ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ibi tó ń jò

Ìgbésẹ̀ tí a máa ń fò jù nìyí, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Òróró máa ń bá gáàsì rìn. Ibi tí gáàsì bá ti ń jò, òróró á máa hàn níbẹ̀, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi bébà funfun nu gbogbo oríkèé páìpù, pàápàá jù lọ ibi tí wọ́n ti fi iná jó fílítà, ìyẹn asẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí àti ọ̀rinrin, mọ́ ọn àti ẹnu ibi tí a ń gbà rọ gáàsì, kí ẹ sì wo bóyá bébà náà ní òróró. Mo ti rí ẹnu ìrọgáàsì tí kò ní ìdérí, tí gbogbo gáàsì sì gba ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdérí kékeré yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní owó kan tó ṣe é sọ.

Nínú fíríìsà àwọn ẹlẹ́ja, ọ̀bẹ ló sábà máa ń fa ọ̀ràn náà. Ẹja á lẹ̀ mọ́ ara fíríìsà, oníbàárà á ti dúró, ni wọ́n á bá fi ọ̀bẹ tàbí sikurudiráfà tú u, irin náà á sì lu páìpù tó wà nínú ògiri. Ẹ bá màmá sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó pa iná fíríìsà náà, kó da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ara yìnyín, kó sì ní sùúrù. Omi iyọ̀ ara ẹja pẹ̀lú máa ń dógùn-ún sí páìpù irin inú ògiri, ìyẹn kò sì rọrùn láti rí.

Bí gáàsì bá ṣì kù nínú ẹ̀rọ, ẹ pò omi ọṣẹ tó ki, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ ọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró wò ó. Ihò kékeré lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan kó tó yọ ìfófòó. Ẹ má ṣe fi iná wá ibi tó ń jò. Bí R-22 tàbí R-134a bá bọ́ sínú iná, ó máa ń di èéfín olóró tó ń ta ọ̀nà ọ̀fun, tó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gba gáàsì tó kù sínú sìlíńdà

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ìdáàbòbò ojú. Gáàsì olómi tó bá kan awọ ara máa ń jó o bí iná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ni. Bí ó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ojú.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí ń gba gáàsì, ẹ so ó mọ́ ẹnu ìrọgáàsì àti mọ́ sìlíńdà tí wọ́n ṣe fún àtúnlò, kí ẹ gbé sìlíńdà náà sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ má sì jẹ́ kó kún ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí pé olómi inú rẹ̀ máa ń wú bí oòrùn bá pa á. Sìlíńdà onílò-ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n fi ń ta gáàsì kò ṣeé rọ padà. Ó lè bú mọ́ni lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà wọ́n, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó kò sì ní in. Fún fíríìjì ilé, ọ̀nà kan wà tí kò gba ẹ̀rọ. Ẹ fa afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà àtúnlò tán pátápátá, ẹ gbé e sínú bàsíà tó kún fún omi àti yìnyín, kí ẹ so ó mọ́ fíríìjì, kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́ bí kò bá tíì bàjẹ́. Gáàsì máa ń ṣí lọ sí ibi tó tutù jù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni yóò sì wọ inú sìlíńdà náà. Ní ti ẹ̀rọ ńlá àti kóòdù-rúùmù, ẹ̀rọ ìgbàgáàsì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí àwọn oníṣẹ́ àdúgbò kan dá àjọ, kí wọ́n fi ra ẹyọ kan, kí wọ́n sì máa yá a lò láàárín ara wọn. Àjọ tí a ń dá fún aṣọ ẹgbẹ́ kò ju èyí lọ.

Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, irú gáàsì kan ni. Ẹ kọ orúkọ gáàsì sí i lára. Èyí tí ẹ bá gbà lára ẹ̀rọ kan, tí ó sì mọ́, ẹ lè dá a padà sínú ẹ̀rọ yẹn gan-an. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ti jó, gáàsì náà ti ní ásíìdì, kò ṣeé dá padà. R-22 tí ẹ bá gbà kì í ṣe ohun tí à ń fi tàfàlà. Láti 2025, àdéhùn Montreal ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa dín lílo àwọn gáàsì bí i R-22 kù ní ìdá 67.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ó bá sì di 2030, kìkì ìwọ̀nba kékeré fún àtúnṣe ni yóò máa wọlé, títí di 2040.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ dí ihò náà, kí ẹ sì fi náítírójìn dán an wò

Ẹ fi iná jó ibi tó lu lára páìpù pa, ẹ pààrọ̀ fílítà. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí páìpù sílẹ̀ ni fílítà gbọ́dọ̀ di tuntun, nítorí pé àtijọ́ ti mu ọ̀rinrin afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi náítírójìn gbígbẹ sínú páìpù, pẹ̀lú régúlétọ̀. Ní ti fíríìjì ilé, èmi kì í kọjá 150 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n ìfúnpá tó wà lójú géèjì. Ẹ fi omi ọṣẹ yẹ ojú ibi tí ẹ jó wò, kí ẹ pa ẹnu géèjì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí abẹ́rẹ́ géèjì kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti ṣe é.

Ẹ má ṣe fi ọ́síjìn rọ́pò náítírójìn láé. Ọ́síjìn tó bá pàdé òróró kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lábẹ́ ìfúnpá máa ń bú gbàmù, oníṣẹ́ kò sì ní ráàyè sá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọ́síjìn fún àwọn wẹ́dà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè náítírójìn, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára sìlíńdà kí ẹ tó gbé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde

Àṣà kan wà tí a ń fi gáàsì díẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù kí a tó rọ èyí tó kù. Gáàsì tí a fi fẹ́ ẹ ti lọ sójú ọ̀run, ọ̀rinrin sì ṣì wà nínú páìpù. Ọ̀rinrin yìí ló ń di yìnyín lẹ́nu páìpù tín-ín-rín tí fíríìjì fi ń tutù díẹ̀, tí yóò dákẹ́, tí yóò tún tutù. Òun náà ló ń bá òróró POE pọ̀ di ásíìdì tó ń jẹ wáyà inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àlòkù tí ọ̀pọ̀ ń lò bíi páǹpù kò lè fa ọ̀rinrin tán. Ẹ lo páǹpù tí wọ́n ṣe fún un, kí ẹ fà á títí géèjì yóò fi sọ̀ dé 500 máíkírọ́ọ̀nù, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohun tó kù nínú páìpù ti kéré tó. Ẹ pa ẹnu rẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí géèjì bá gòkè díẹ̀ tó sì dúró, ọ̀rinrin ló kù, ẹ tún fà á. Bí ó bá ń gòkè ṣáá, ibì kan ṣì ń jò.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wọn gáàsì

Kí ẹ tó rọ ọ́, ẹ wádìí gáàsì tí ẹ rà. Ẹ jẹ́ kí sìlíńdà náà wà níbi òjìji fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ wo bí ibẹ̀ ti gbóná tó, kí ẹ sì so géèjì mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ 30°C, R-134a yẹ kó ka nǹkan bíi 97 psi, R-22 nǹkan bíi 158, R-410A nǹkan bíi 259, R-600a sì nǹkan bíi 44. Bí ohun tí ẹ rí bá jìnnà sí èyí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ọ̀ràn ẹ̀mí ni: ní 2011, ayédèrú gáàsì tí wọ́n pè ní R-134a mú kí àwọn kọ̀ńténà amóhuntutù bú gbàmù ní Vietnam àti Brazil, àwọn oníṣẹ́ sì kú.

Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi rọ gáàsì, kì í ṣe ìfojúwọ̀n tàbí ọwọ́ tí a fi ń kan páìpù bóyá ó ti tutù. Iye tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì ni kó wọlé. R-404A àti R-410A jẹ́ àdàlù. Olómi wọn ni kí ẹ máa fà jáde nínú sìlíńdà, kí àdàlù náà má bàa yí padà. Bí ẹ bá parí, ẹ fi ìdérí dé ẹnu ìrọgáàsì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n gáàsì sí ara ẹ̀rọ náà.

Ní ti gáàsì tó ń gbiná

Lójú tèmi, R-600a ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ra fíríìjì ilé tuntun máa wá. Gíráàmù 50 rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí gíráàmù 150 R-134a ń ṣe, tí kò sì mú ayé gbóná ju gíráàmù 150 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lọ, nígbà tí ti R-134a náà ju kílò 200 lọ. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń kó jọ sí, ó sì lè gbiná láti ìgbà tó bá ti tó ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Nítorí náà, ìta tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ gbé ààrò, sìgá àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí ẹ fi irin ìgépáìpù gé e dípò iná, kí ẹ sì fi náítírójìn fẹ́ inú rẹ̀ kí ẹ tó jó ohunkóhun.

Gáàsì ìdáná kì í ṣe R-600a. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rọ ọ́ sínú fíríìsà nítorí pé kò wọ́n. Àdàlù tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni, ó ní ọ̀rinrin àti ohun olóòórùn nínú, ẹ̀rọ tí wọ́n sì ṣe fún R-134a ní àwọn ibi tí iná ti ń ṣẹ́ nínú, bíi témósítáàtì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ gáàsì tó ń gbiná sínú ẹ̀rọ R-22 tàbí R-134a, ohun yòówù kí oníbàárà sọ.

Bí ẹ bá ń rà á, tàbí tí ẹ bá ń gbé e sọnù

Nínú fíríìjì tòkunbọ̀, ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó dúnàá-dúrà. R-12 tàbí R-22 lára rẹ̀ ń sọ fún yín pé gáàsì rẹ̀ yóò máa wọ́n sí i ni, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i rà. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àtúnṣe Kigali tí wọ́n ṣe sí àdéhùn Montreal ní 2016 pẹ̀lú; lábẹ́ rẹ̀, àwọn gáàsì bí R-134a àti R-410A náà yóò máa dínkù, láti ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2029 títí dé ìdá 80 ní 2045. Bí ẹ̀rọ amúlétutù ni ẹ fẹ́ rà, R-32 sàn ju R-410A lọ.

Òkú fíríìjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Àwọn tó ń kiri ra irin àlòkù á fi òòlù fọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kúrò lára rẹ̀ lójú yín, gbogbo gáàsì á sì jáde pọ̀. Kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ pe oníṣẹ́ kó wá gba gáàsì náà sínú sìlíńdà, kó da òróró kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kó má sì dà á sínú gọ́tà, nítorí pé inú odò Àlà ni ọ̀pọ̀ gọ́tà Àkúrẹ́ ń ṣàn lọ. Kó yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú, kí ọmọdé má bàa há sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n.